Ìgò Tí Kò Dúdú

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá Ṣeun kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní àdúgbò wa ní Ìgàndò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èsì dé láti ilé àyẹ̀wò pé sóbò tó ń tà mọ́ tónítóní, pé kò sí kòkòrò àrùn kankan nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan péré! Ká ní èsì náà yára díẹ̀ ni, bóyá ìkòkò obìnrin náà kì bá tí fọ́ sójú títì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí mo fi ń di ẹ̀bi ru èsì? Èsì kò jẹ̀bi. Èmi Ràṣídátù ni mo jẹ̀bi. Òtítọ́ tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí ti dìde dúró sí mi lọ́nà ọ̀fun, kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì jẹ́ kí n jẹun. Ẹ jẹ́ kí n bì í síta. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ní sùúrù kí n parí ná, torí èébú tí mo ti bú ara mi pọ̀ ju èyí tí yóò bú mi lọ.

Ní ọdún tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ wẹẹrẹ àdúgbò wa. Bí ọmọ ilé yìí bá ṣe ń dìde, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé kejì á dùbúlẹ̀. Oníkálukú ló ní ohun tó ní ó ń fà á. Àwọn kan ní eyín ló ń yọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ wà nínú wọn. Bọ̀dá Zacchaeus, aládùúrà tó máa ń wọ sùtánà funfun rìn láìwọ bàtà láti ilé rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹ̀mí kan ló ń rìn kiri ní ọ̀sán gangan. A ń jiyàn, a ń jiyàn, àwọn ọmọ ń gbẹ. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ló wá pè wá jọ. Màmá Adébùnmí ni orúkọ wọn gan-an, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ awò ojú wọn báyìí, kálukú á jókòó. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó. Ohun tí a bá fojú ara wa rí ni ká fi ṣiṣẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ wá bá wa wá a. Àwa fúnra wa la ó wá a."

Wọ́n ní kí a ya àdúgbò wa sórí ilẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. A fi eérú fa òpópó. A fi òkúta ṣe kànga, a fi àpáàdì ṣe ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ìyá kọ̀ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ ti ṣàìsàn sì mú èédú, ó gbé e sí ibi tí ilé tirẹ̀ wà. Nígbà tí a parí, a dìde, a wò ó. Èédú díẹ̀ wà níhìn-ín lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ti rọ̀gbà yí òkúta kan ká bí eṣinṣin ṣe ń yí egbò ká. Òkúta náà ni kànga ilé Ọdẹ́tọ́lá.

Ilé Ọdẹ́tọ́lá ló ni ilẹ̀ àdúgbò wa kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó débẹ̀. Bàbá wọn, Alhaji, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ló gbẹ́ kànga náà kí wọ́n tó kú, wọ́n sì fi ṣe sàdáákà. Ẹnikẹ́ni ló lè fa omi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Àwa Mùsùlùmí gbà pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń mu irú omi bẹ́ẹ̀, láádá rẹ̀ kò ní yéé ṣàn lọ bá ẹni tó gbẹ́ ẹ nínú sàréè. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni Alhaja, opó wọn, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹni tó bá ti fa omi tán á sọ pé, "Ọlọ́run á forí jin Alhaji." Àmín kì í tán lẹ́nu Alhaja. Ta ló fẹ́ sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé omi ọkọ rẹ̀ ló ń dá àwọn ọmọ wa dùbúlẹ̀?

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ní, "Èédú kò tíì dájọ́. Ó kàn nàka ni. Àyẹ̀wò ló máa dájọ́." Wọ́n kó àwọn ìgò kéékèèké kan wá, tí òògùn wà nídìí wọn. A ó bu omi kànga sí i, a ó fi í síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ìgbẹ́ bá ti kan omi náà, yóò dúdú bí aró. Bí kò bá kàn án, yóò wà bó ṣe wà. Kànga tí ìgò rẹ̀ kò bá dúdú, a ó fi ẹfun kùn ún lẹ́nu kí tọmọdé tàgbà lè mọ̀ pé ó dára. Ta ni wọ́n wá fi ṣe olùtọ́jú ìgò? Èmi. Wọ́n ní mo mọ̀wé, pé ọwọ́ mi sì mọ́. Ọwọ́ mi mọ́! Ẹ gbà mí.

Irun ni mò ń dì. N kò lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ìwé ìtàn tí mò ń yá lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìkòtún ni mo fi kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, ohun tí mo sì mọ̀ kò ju ìfẹ́ lọ. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn, ọmọbìnrin náà á bo àṣírí ọkùnrin tó fẹ́ràn, òjò á rọ̀, wọ́n á sì fẹ́ra wọn. Kò sí ọ̀kan tí ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Oníbàárà á jókòó síwájú mi, màá máa dirun, ọkàn mi á ti fò lọ síbi tí ẹnì kan ti ń dúró dè mí lábẹ́ igi. Ẹni náà ni Fawas, àbígbẹ̀yìn Alhaja Ọdẹ́tọ́lá. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a bu omi, Fawas wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ràṣídá, ṣé lóòótọ́ ni pé Sátidé lẹ fẹ́ yẹ kànga bàbá mi wò?"

"Gbogbo kànga ni, kì í ṣe tiyín nìkan."

"Kó má dúdú o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni mò ń pa á láró ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga mọ́ra, ó jókòó. Ó ní nígbà tí àwọn ń kọ́ àwọn yàrá tí àwọn fẹ́ fi háyà sẹ́yìn ilé, ilẹ̀ kò tó mọ́, birikilà wá gbẹ́ ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́yìn ògiri kànga. Ó ní Alhaja kò mọ̀. Òun mọ̀.

"Ṣé ó sún mọ́ ọn ni?" ni mo bi í.

"Ó sún mọ́ ọn, Ràṣídá. Ó sún mọ́ ọn gan-an."

"Ẹ dí ihò náà, kí ẹ gbẹ́ òmíràn síbòmíràn. Ṣe bí ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

"A máa dí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kó tó di Sátidé. Bí ìgò yẹn bá dúdú, wọ́n á ti kànga pa. Ìyá mi á gbọ́ pé láádá ọkọ àwọn ti dáwọ́ dúró. Ìyẹn á pa wọ́n. Ràṣídá, ọwọ́ rẹ ni bàbá mi wà báyìí."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Òkú tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní ọwọ́ mi ló wà, èmi náà sì gbà! Omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé ojú ewé ìwé kan ni mo wà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì sọ ohun tí Mọ́mì Nọ́ọ̀sì kọ́ wa fún un. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé, "Ẹ má bu omi kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da bílíìṣì sí o. Yóò purọ́ fún yín. Bílíìṣì á pa kòkòrò tó wà níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kò lè dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n á tún padà." Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ká má bàa ṣìnà, òun gan-an ni mo fi ṣìnà. Ọ̀lẹ ọmọ kan kì bá tí mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo fetí sílẹ̀ dáadáa ni mo mọ̀ ọ́n.

Fawas gbé bílíìṣì wá, irú èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. Mo rò pé òun ló máa dà á. Ó ní, "Bí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tí mò ń ṣe. Ọkùnrin kì í fọṣọ létí kànga. Ìwọ gbé abọ́ aṣọ dání, ẹnikẹ́ni kò ní wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ọ̀sán Jímọ̀ la fi í sí, nígbà tí àdúgbò bá ti ṣófo. Fawas wọ jalàbíà funfun, ó fi lọ́fínńdà pa ara, ó lọ dúró ní sàfù. Nígbà tí òun ń forí kanlẹ̀, èmi ń da bílíìṣì sínú sàdáákà bàbá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo wa pé jọ. Bọ̀dá Zacchaeus fa garawa sókè, ó ti imú bọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin ará, omi yìí ń rùn bíi sùtánà mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ fi bọ́jú kí ẹ̀yin náà lè mọ́." Mọ́mì Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi. "Ràṣídá, ṣé kò sí ẹni tó da nǹkan síbẹ̀?"

"Àwọn tó fọṣọ níbẹ̀ lánàá ni, Mà."

Irọ́ náà jáde wéré bíi pé ẹnu ọ̀nà ló ti ń dúró. Imú Bọ̀dá Zacchaeus ló fẹ́ gbà wá là lọ́jọ́ náà, a sì fi imú náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bu omi sínú ìgò, mo fi aṣọ wé gbogbo wọn, mo tò wọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun, níbi tí ooru wà. Nígbà tí a tú wọn wò, ti kànga ilé Bọ̀dá Báyọ̀dé, aládùúgbò wa kan, ti dúdú, ti ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà dúdú. Ti Alhaja mọ́ gaara bí ojú ọmọ tuntun. Wọ́n fi ẹfun kùn ún. Alhaja sunkún ayọ̀, wọ́n pín dàbínù fún gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí: "Ọlọ́run á fi ẹni tó mọ́ bí ìwọ yìí ṣe aya fún ọmọ mi." Mo ṣe àmín. Ẹ lè gbàgbọ́? Mo ṣe àmín!

Bọ̀dá Báyọ̀dé bínú, ó ní ìgò kò lè kọ́ òun bí a ṣe ń mumi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá a jà, ó gbà. Ó tún ẹnu kànga náà mọ, ó fi ìdérí bò ó, ó gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí i, ilé rẹ̀ sì ń se omi kí wọ́n tó mu ún. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé rẹ̀ fi yéé ṣàìsàn. Iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ mi! Ibi gbogbo tí ọwọ́ mi kò dé ló ti ṣiṣẹ́. Ìdí òkúta tèmi nìkan ni àwọn èédú kò kúrò.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Omi ti mọ́, kí ló wá kù? Bọ̀dá Zacchaeus ló dáhùn, ó sì dá a lójú bó ṣe máa ń dá a lójú nígbà gbogbo: "Kí ni gbogbo ọmọ òpópó yìí jọ ń mu? Sóbò ni! Sóbò Happiness!"

Happiness ni Ìyá Ṣeun. Èèyàn ìhà Warri ni, ó fẹ́ ọmọ Yorùbá kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè Ọya. Ó ń ta sóbò tútù níwájú ilé rẹ̀ tó kọjú sí kànga náà gan-an, òun àti Ṣeun ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Kò kúkú sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti dá a lẹ́jọ́, àwọn oníbàárà ló ń retí. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì yọ awò ojú. "Ẹ dákẹ́ ná. Ìgò wa kò lè yẹ sóbò wò, torí sóbò fúnra rẹ̀ dúdú. Màá gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ ká dúró de èsì." Wọ́n bù nínú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró de nǹkan ní Èkó? Kí Mọ́mì tó dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, àwọn ìyá ti ń fa etí ọmọ wọn pé ẹni tó bá tún mu sóbò yóò rí nǹkan.

Ibi tó burú jù ni mo dé yìí. Mo ti ń fà á sẹ́yìn láti òkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jàre.

Ìyá Ṣeun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó mú ife sóbò kan dání. Ó ní, "Ràṣídá, ìwọ lo ń tọ́jú ìgò. Abẹ́gì, gbà mí nímọ̀ràn. Omi ẹ̀rọ ilé tó wà ní òpópó kejì ni mò ń rà. Òun ni mo fi ń ṣe omi dídì tí mò ń jù sínú sóbò tí mo bá ti sè é tán. Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tí omi náà ti wá. Omi wo ni mo máa lò tí ẹnu gbogbo wọn á fi pa mọ́?"

Omi tó ń lò dára. Mo mọ̀ pé ó dára ju èyí tí a fi ẹfun kùn lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún un pé kó dúró síbi tó wà, á bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe ti Alhaja. Kí ni màá wí? Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ife tó mú dání, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ máa fa ti Alhaja. Ó ní ẹfun lẹ́nu."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà."

Mo ti ka ìwé tí wọ́n ti ń pààyàn. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò, tàbí májèlé. Èmi kò lo ìkankan. "Ó dá mi lójú" ni mo lò. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ife sóbò náà fún mi. Mo mu ún níṣojú rẹ̀. Ó tutù, ó ní atalẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó nínú. Òun ló kẹ́yìn nínú sóbò rẹ̀ tó mọ́.

Láti ọjọ́ kejì ni Ìyá Ṣeun ti ń fa omi kànga Alhaja níṣojú gbogbo ayé. Á pariwo pé, "Ẹ wò ó o! Kànga ẹfun ni o! Ẹni bá ní ojú kó wò ó!" Kó tó tà, òun àti Ṣeun á kọ́kọ́ bu tiwọn, wọ́n á mu ún ní gbangba, Ṣeun á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó borí ìjà. Àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Mò ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde, màá rántí Alhaja, màá rántí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, màá tún jókòó. Mo sọ fún ara mi pé ó lè má ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ṣeun ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Àwọn tó bá a mu ún tẹ̀ lé e. Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ti so omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ di aṣọ mi mú. "Omi kànga ẹfun ni mo lò, Ràṣídá. Ìwọ lo sọ fún mi. Wọ́n ń sọ pé ìdọ̀tí mi ló mú ọmọ mi. Bá mi sọ fún wọn."

Mo ní, "Màá sọ fún wọn." Mo ra ọsàn sílẹ̀ fún wọn, mo sì wá sílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin kan tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n da sóbò sí gọ́tà, wọ́n la ìkòkò mọ́lẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí i? Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Bọ̀dá Zacchaeus ń ké pé kí wọ́n má fọwọ́ kan obìnrin náà, ó kéré tán, ó ṣe ìyẹn. Èmi dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé Ìyá Ṣeun àti ẹrù rẹ̀ lọ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé wà lórí itan rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Mọ́mì Nọ́ọ̀sì wọlé tọ̀ mí wá, fóònù lọ́wọ́. "Sóbò tó mọ́ la fi lé obìnrin yẹn lọ, Ràṣídá." Wọ́n jókòó. "Nígbà tí mo bu ú, omi ẹ̀rọ ló ń lò, ó mọ́. Ìgbà tó yí sí kànga ẹfun ni ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Kò yé mi. Ibo ni àìsàn ń gbà wọlé?" Ojú tí wọ́n fi ń wò mí kì í ṣe ojú ìfura. Ojú ẹni tó fẹ́ kí n bá òun rò ó ni. Ìyẹn ló pa mí. Ká ní wọ́n fura ni, màá tún parọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò gbá mi létí, wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Nígbà tí a kò mọ̀, ọmọ mi, ẹlòmíràn á máa se é kó tó mu ún. Ìwọ fi ẹfun kùn ún, a wá ń mu ún ní tútù." Wọ́n dìde, wọ́n mú èédú nídìí ààrò tí mo fi ń se omi irun, wọ́n lọ fi pa ẹfun ẹnu kànga náà rẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ilé máa se omi títí di Sátidé, nígbà tí a ó tún un yẹ̀ wò. Wọn kò sọ ìdí. Wọ́n bojú wẹ̀yìn sí mi: "Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Ẹnu tó ní ó dá òun lójú ni kó sọ ọ́."

Mo wá Ìyá Ṣeun lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣeun ń jẹ búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ ti ń yá. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó. Mo jẹ́wọ́, mo sì bẹ̀bẹ̀. Ìyá Ṣeun gbọ́ mi títí, ó rọra gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbọn iyanrìn ara búrẹ́dì náà dànù, ó dá a padà fún un.

"Ṣé kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti fọ́ ìkòkò mi, Ràṣídá?"

"Rárá, Mà."

"Kí lo wá ń bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀ fún? Dìde, you dey block road. Lọ bẹ̀ mí níbi tí wọ́n ti bú mi."

Ó tọ̀nà. Ìyá Ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ìgbàkigbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kódà bí kò bá rọ̀ yín láé. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín dùbúlẹ̀ nítorí mi, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń kàwé bíi tèmi, ẹ máa kà á, mi ò ní kí ẹ má kà á. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá ní kí ẹ bo àṣírí òun, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò mu omi àṣírí náà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Fawas ti mọ́ṣáláṣí dé ṣọ́ọ̀bù mi nínú jalàbíà funfun kan náà.

"Wọ́n ní o lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá."

"Mo lọ."

"Obìnrin yẹn ti kúrò ńlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Kí lo tún ń wá? Mo ti bá birikilà sọ̀rọ̀ lórí ihò yẹn."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín tí kò dùn rárá. Kò mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ràṣídá, ro ti ìyá mi. Ro ti láádá bàbá mi."

"Fawas, bí láádá bá mọ ọ̀nà sàréè bàbá rẹ, ṣé ẹkún Ṣeun kò mọ̀ ọ́n?"

"Ìwé ìtàn ti dà ọ́ lórí rú."

"Ó dà á rú lóòótọ́. Ó ti ń tò báyìí." Mo gbé kọ́ọ̀mù sílẹ̀ kó lè mọ̀ pé mi ò ṣeré. "Fetí sílẹ̀. Lọ́la, níwájú kànga, màá sọ pé èmi ni mo da bílíìṣì sí i, pé ìwọ lo gbé e fún mi, àti pé èmi ni mo ní kí Ìyá Ṣeun máa lo omi náà. Màá bu omi yín sínú ìgò tuntun níṣojú gbogbo wọn, Alhaja á sì wà níbẹ̀. Mi ò sì ní fẹ́ ọ."